Àwòrán Alma-Tadema ní gbàǹjo: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York ta àwòrán kan ní mílíọ̀nù 35.9 dọ́là. Àwòrán bí ọmọbìnrin Fáráò ṣe rí Mósè nínú apẹ̀rẹ̀ ni. Ayàwòrán Lawrence Alma-Tadema ló yà á, ó sì parí rẹ̀ ní 1904. Láti ọjọ́ yẹn, bí àwọn kan bá ti rí orúkọ rẹ̀ lára férémù ògbólógbòó, wọ́n á ti máa ka owó kí wọ́n tó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ẹ má fi owó yẹn díwọ̀n gbogbo iṣẹ́ ọkùnrin náà. Mílíọ̀nù 3 sí 5 dọ́là ni ilé gbàǹjo fúnra rẹ̀ fojú bù kí ọjọ́ náà tó pé. Bí nǹkan kan bá wọ ẹni méjì lójú, tí èkíní kò sì gbà fún èkejì, ibi tí owó á dé kò ṣeé mọ̀. Àwòrán náà pàápàá kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. John Aird, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ìdídò Aswan, ló mú ayàwòrán náà lọ sí Íjíbítì ní 1902, tó sì san 5,250 pọ́n-ùn fún iṣẹ́ náà. Ọdún méjì ni Alma-Tadema fi yà á. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ pé Mósè ti pé ọmọ ọdún méjì, kò yẹ kí wọ́n ṣì máa gbé e.

Iye tí ìwé ìròyìn ń kọ náà ń tan èèyàn jẹ. Mílíọ̀nù 32 ni òòlù dún lé lórí, ìyẹn iye tí wọ́n fi parí ìdíje owó náà. Ìyókù jẹ́ owó tí ilé gbàǹjo gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bí ẹ̀yin lẹ ń tà, iye tí òòlù dún lé ni kí ẹ wò, kí ẹ sì béèrè èwo ni wọ́n máa yọ nínú rẹ̀.

Ẹ má gba ẹni tó bá sọ pé àwòrán àtijọ́ kì í wálẹ̀ gbọ́. Àwòrán Mósè yìí kan náà, 252 pọ́n-ùn ni iye rẹ̀ ní 1960, kò tó ìdá kan nínú ogún ohun tí Aird san. Aird yìí ló tún san 4,000 pọ́n-ùn ní 1888 fún àwòrán Heliogabalus, ọba Róòmù tó fi òdòdó rósì bo àwọn àlejò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní òtútù ọdún yẹn, láti gúúsù Faransé ni wọ́n ti ń kó rósì tútù ránṣẹ́ sí ayàwòrán náà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán rósì náà lọ sí gbàǹjo ní 1960, kò rí ẹni rà á. Ayé ti ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Allen Funt, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n, wá ń kó wọn jọ, títí oníṣirò owó rẹ̀ fi jí owó rẹ̀ kó. Bó ṣe di dandan fún un láti tà nìyẹn. Ní 1973, rósì yẹn pa 28,000 pọ́n-ùn. Ní 1993, ó pa mílíọ̀nù 1.5.

Ìbuwọ́lùwé nìkan kò tó. Láti 1872 ni Alma-Tadema ti ń kọ "Opus" ("iṣẹ́" ní èdè Látìn) àti nọ́ńbà Róòmù sára iṣẹ́ rẹ̀, kó lè ṣòro fún àwọn tó ń ṣe ayédèrú. Ó sì padà fún àwọn ti àtẹ̀yìnwá ní nọ́ńbà. Àwòrán Artje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó yà ní 1851, ni Opus I. Èyí tó kẹ́yìn, ní 1912 tó kú, ni CCCCVIII, ìyẹn 408. C mẹ́rin ló fi kọ 400 dípò CD tí a mọ̀, nítorí náà ẹ má tìtorí ìyẹn pe iṣẹ́ ní ayédèrú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó bá ju CCCCVIII lọ, ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa. Èyí tí kò jù ú náà, ẹ wò ó bóyá ó bá orúkọ àwòrán mu nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà mọ nọ́ńbà kọ.

Wọ́n tẹ ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ sórí bébà nígbà ayé rẹ̀, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù nínú ilé àwọn èèyàn. Ìyàwó rẹ̀ Laura àti ọmọ rẹ̀ Anna náà jẹ́ ayàwòrán, orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́, torí náà ẹ ka orúkọ iwájú.

Àwọn kan sì ń pe Alma-Tadema ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Dronrijp ní Netherlands ni wọ́n bí i sí ní 1836, Antwerp ló ti kọ́ṣẹ́, 1870 ló sì tó kó wá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nínú ìwé gbàǹjo, A ni kí ẹ ti wá a, kì í ṣe T. Òun ló fi Alma, tó jẹ́ orúkọ àárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mọ́ orúkọ ìdílé, kí orúkọ òun lè máa wà níwájú nínú ìwé àfihàn.