Iná VVT Tó Ń Kú Tó Ń Jí: Bí Mo Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń tàn nítorí VVT, ètò tó ń darí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ má tíì ra sọ́lẹ́nọ́ìdì, ohun oníná tó ń pín ọ́ìlì fún un. Mo mọ̀ pé òun ni ẹni tó ka kóòdù (nọ́ńbà àìsàn tí ọkọ̀ kọ sílẹ̀) fún yín dárúkọ, mo sì mọ̀ pé ẹ ó rí i rà ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ẹ fi owó yẹn sápò ná. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń wọ gàráàjì mi níbí, lójú ọ̀nà Kétu sí Pobẹ̀, tí wọ́n gbé kóòdù P0011 tàbí P0012 wá, èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ sọ́lẹ́nọ́ìdì rẹ̀ rí pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lọ. Iná á kú fún ọjọ́ díẹ̀, inú onímọ́tò á dùn, iná á tún tàn.

Corolla tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ 1ZZ-FE ni màá fi ṣàlàyé, irú èyí tó wà nínú Corolla Amẹ́ríkà ọdún 2003 sí 2008, torí òun ló kún ọwọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà wa. VVT-i ni Toyota ń pe VVT tirẹ̀. Nissan ń pe tirẹ̀ ní CVTC, Hyundai ń pè é ní CVVT, BMW ní VANOS. Orúkọ ló yàtọ̀, ọ̀nà tí à ń gbà wádìí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ jọra.

Ṣéènì ló so kíráǹkì, irin tí písítínì ń yí, nísàlẹ̀ mọ́ kámṣáfúùtù méjèèjì lókè, àwọn tó ń ṣí fáàfù, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín, tí wọ́n sì ń tì í. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti so ó, ó parí náà nìyẹn: ìgbà kan náà ni fáàfù á máa ṣí, yálà ọkọ̀ ń rá pálá gun òkè tàbí ó ń sáré lórí ọ̀dà. Lára 1ZZ, kámṣáfúùtù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ní jíà kan lórí tó ní ihò kéékèèké nínú. Bí ọ́ìlì bá wọ apá kan, jíà á yí síwájú, fáàfù á tètè ṣí. Bó bá wọ apá kejì, á fà sẹ́yìn. Sọ́lẹ́nọ́ìdì ló ń pín ọ́ìlì náà, bíréènì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pàṣẹ fún un. Sẹ́ńsọ̀ ara kíráǹkì àti ti ara kámṣáfúùtù á máa jábọ̀ fún bíréènì bóyá jíà dé ibi tó ní kó dé. Bí àbọ̀ bá takò àṣẹ, iná tàn.

Ẹ wò ó dáadáa, ọ́ìlì ló ń ti jíà yẹn. Iná mànàmáná kàn ń ṣí ilẹ̀kùn fún un ni. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ti ẹni tó bá ka kóòdù tán tó sáré dìde lọ ra ohun tó ń lo iná.

Nípa kóòdù fúnra wọn: P0010 jẹ́ ọ̀rọ̀ wáyà tàbí ti okùn iná inú sọ́lẹ́nọ́ìdì, mítà á sọ òótọ́ rẹ̀ kíákíá. P0011 ní kámṣáfúùtù ti ṣáájú ibi tí bíréènì ní kó wà. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n tó bá dúró ní sìlóò, tí ẹ́ńjìnnì ń yí láìtẹ iná, ó tiẹ̀ lè kú, torí fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ ti ṣí kí èyí tó ń tú èéfín jáde tó tì tán, èéfín wá ń padà wọlé. P0012 ní ó rẹ̀yìn, ọkọ̀ ò sì ní lágbára tó bá fẹ́ gbéra. P0016 ní kíráǹkì àti kámṣáfúùtù ò bára wọn mu mọ́. Ti ìyẹn bá jáde, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ ṣéènì. Bí Corolla yín bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ọdún 2000 sí 2002, P1349 ni yóò kọ, ọ̀rọ̀ VVT náà ni.

Ẹ má tú orí bátìrì kí iná lè kú. Bíréènì máa ń kọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe rí lásìkò tí iná tàn sílẹ̀: bó ṣe gbóná tó, eré tí ọkọ̀ ń sá, bí kíráǹkì ṣe ń yí. Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ń pè é ní freeze frame. Ẹ̀rọ kékeré ELM327 tí wọ́n ń ki bọ abẹ́ sítíárìn, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ fóònù, tó láti kà á. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Bátìrì tí wọ́n tú ti pa ẹ̀rí run nìyẹn.

Dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Kétu sí Àjàṣẹ́ gbé tirẹ̀ wá. P0011 ni. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń bá a ṣe é, wọ́n sì ti pààrọ̀ sọ́lẹ́nọ́ìdì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi pa iná yẹn, èrò ti ń dúró dè mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná. Ìgbà wo ló máa ń tàn?"

"Kì í tàn láàárọ̀ o. Tí mo bá ti dé Ouando, tí ọkọ̀ ò lọ tí ò bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ìgbà yẹn ni."

Ohun tí freeze frame náà sọ nìyẹn: ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, eré jẹ́ òdo, ó wà ní sìlóò. Ìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná tó sì fúyẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, ni agbára ọ́ìlì máa ń kéré jù. Àwọn àgbà ní a kì í wo ibi tí a ṣubú sí, ibi tí a ti kọsẹ̀ ni à ń wò. Mo bá fa géèjì ọ́ìlì yọ.

Ọ́ìlì ò dé àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 1ZZ, pàápàá àwọn ti àkọ́kọ́, ń mu ọ́ìlì, kì í ṣe àṣírí: ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítínì kéré, wọ́n sì máa ń dí. Dẹ́rẹ́bà wá ń fi ọ́ìlì inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà dí i, èyí tí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe nípọn tó. Ọ́ìlì tó dínkù á gba afẹ́fẹ́ mọ́ra, á máa hó, jíà VVT ò sì lè gbára lé ìfófòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ́ìlì tó nípọn jù pẹ̀lú, torí ó ń bí mi nínú. Ìwé ọkọ̀ náà ní 5W-30. Ẹlòmíràn á da 20W-50 tàbí 40 tó ki bí ọbẹ̀ ilá àná sí i, á ní oòrùn ilẹ̀ wa mú. Oòrùn wa mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n témọ́sítáàtì ló ń pinnu bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, bákan náà ló sì ń ṣe é ní Jámánì àti ní Kétu. Láàárọ̀, ọ́ìlì tó nípọn á lọ́ra nínú ihò tín-ín-rín yẹn, P0012 á jáde. Nígbà vidange, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì, lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà pẹ̀lú fílítà tuntun. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú lábẹ́ ìdérí ibi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí, ẹ má da kẹrosínì sínú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ yẹn á ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, á lọ dí ẹnu ibi tí pọ́m̀pù ti ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì jó mọ́ra. Ọ́ìlì tó dáa ni kí ẹ lò, kí ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà lẹ́yìn nǹkan bíi 1000 kìlómítà, kí ẹ tún un ṣe. Á máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo ṣe vidange fún Ẹ̀gbọ́n, wọ́n lọ. Iná tún tàn. Kò yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó di dandan ká kọ́kọ́ mú ọ́ìlì kúrò nínú ẹjọ́.

Ìgbà yìí ni a wá kàn sọ́lẹ́nọ́ìdì. Ẹ tú ẹnu wáyà rẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ti wọ ibẹ̀. Ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ méjèèjì sọ́lẹ́nọ́ìdì: 6.9 sí 7.9 óòmù ni Toyota ní kó jẹ́, ní ooru 20°C. Ta ló ń rí 20°C ní Kétu lọ́sàn-án? Bí ẹ bá rí 8.3 lára ẹ́ńjìnnì tó jókòó sínú oòrùn, kò sí àìsàn níbẹ̀, kọ́pà ló gbóná. Èyí tó bá kọ òdo tàbí tí kò kọ nǹkan kan ló ti kú. Wáyà tó lọ láti ibẹ̀ dé bíréènì kò gbọdọ̀ tó 1 óòmù.

Ìdánwò tó tẹ́ mi lọ́rùn jù nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó wà ní sìlóò, ẹnu wáyà sì ti wà ní títú. Ẹ fi wáyà méjì gbé iná bátìrì wá sí ẹsẹ̀ sọ́lẹ́nọ́ìdì fúnra rẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Ẹ má ṣe fi iná náà kan wáyà tó ń lọ sí bíréènì o, ẹ ó jó o. Ẹ́ńjìnnì tó pé á gbọ̀n tàbí kó kú lójú ẹsẹ̀, torí ẹ ti fipá gbé jíà síwájú. Bí ẹ bá gbé iná kúrò, á padà sípò. Bí kò bá mì rárá, ọ́ìlì ò dé jíà tàbí jíà ti há. Ti Ẹ̀gbọ́n mì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé iná kúrò, ó pẹ́ kó tó balẹ̀. Nǹkan ló há ilẹ̀kùn yẹn.

Mo yọ sọ́lẹ́nọ́ìdì. Lára ojú-àwọ̀n rẹ̀ ni ègé dúdú kan wà, kò tó hóró ẹ̀pà. Ẹ fi èékánná tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó nù ún dànù. Ọ́ìlì tó dì á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á kun ìka yín. Èyí kò fọ́, ó fà bíi rọ́bà, ó tún ká padà. Sílíkọ́ọ̀nù ni, èyí tí wọ́n fi ń lẹ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìdérí ṣéènì, mo rí i tó yọ síta káàkiri. Èyí tó yọ síta yẹn, ìkejì rẹ̀ ti yọ sínú.

Lára 1ZZ, fílítà kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: abẹ́ bóòtì kan lára orí ẹ́ńjìnnì ló wà, kò jìnnà sí sọ́lẹ́nọ́ìdì, òun ló ń yọ ìdọ̀tí inú ọ́ìlì kó tó dé ibẹ̀. Ti ọkọ̀ yìí kún fún sílíkọ́ọ̀nù, ó sì ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá yé mi ìdí tí sọ́lẹ́nọ́ìdì tuntun fi ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀: títí ègé mìíràn á fi gba ojú yíya yẹn kọjá ni. Bó bá dí lásán, ẹ lè fọ̀ ọ́. Tó bá ti ya, tuntun ni. Ẹ yí wáṣà bóòtì náà padà pẹ̀lú, kó má máa jò. A tú ìdérí ṣéènì, a ha sílíkọ́ọ̀nù àtijọ́ kúrò pátápátá, a fi ìlà tín-ín-rín kan lẹ̀ ẹ́.

Bí sọ́lẹ́nọ́ìdì àti fílítà bá mọ́, ẹ wọn agbára ọ́ìlì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tó ń yí 3000 ní ìṣẹ́jú kan, bá (bar) 3 ó kéré tán ni mo máa ń fẹ́ rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣéènì: ẹ ṣí ìdérí fáàfù, ẹ yí kíráǹkì dé àmì 0, kí àmì orí jíà méjèèjì kọjú síra wọn lórí ìlà kan. Bí wọ́n bá ti kúrò lójú ìlà, ṣéènì ti gùn tàbí ó ti fo eyín. Jíà VVT fúnra rẹ̀ ni mo máa ń fura sí kẹ́yìn, àfi tó bá ń pariwo gàràgàrà ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ibi onígun mẹ́fà tó wà lára kámṣáfúùtù ni kí ẹ fi sípánà dì mú, ẹ má fi òòlù gbá a.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ títí yóò fi gbóná, ẹ jẹ́ kó dúró ní sìlóò fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ sì tún un wà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá so sikánà mọ́ ọn bí iná ò bá tiẹ̀ tàn, kí ẹ wo ibi tó kọ pending sí: fún ọ̀pọ̀ kóòdù, bíréènì máa ń fura lẹ́ẹ̀kan kó tó tan iná lẹ́ẹ̀kejì. Bí kóòdù VVT kankan bá ti wà níbẹ̀, ẹ má tíì gba ìyókù owó lọ́wọ́ onímọ́tò.