Láti Darwin dé Broome pẹ̀lú ajá méjì

Ẹni tó bá fẹ́ kó ajá la àríwá Ọsirélíà kọjá, ajá yẹn ló máa yan ọ̀nà fún un. Ohun tí mo rí nìyẹn nígbà tí èmi àti ọkọ mi so kárávàànì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a kó àwọn ajá wa, Tanímọ̀la àti Ṣọ́lé, tí a sì gbéra láti Darwin lọ sí Broome. Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,900 kìlómítà.

Oṣù Kẹfà la yàn, torí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Tó bá ti di ìgbà òjò, omi á bo àwọn títì mìíràn mọ́lẹ̀, ooru rẹ̀ á sì ni ajá lára gan-an. Kí a tó kúrò nílé, dókítà ẹranko fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí aràn inú ọkàn mú wọn, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ó sì fi bẹ́líìtì tó ń pa eégbọn sí wọn lọ́rùn. Eégbọn ló jẹ mí lógún jù. Ọdún 2020 ni wọ́n rí i pé ehrlichiosis, àrùn tí eégbọn ń gbé kiri, ti ń ran àwọn ajá Ọsirélíà, ní Kimberley, agbègbè Western Australia tí a ń lọ gan-an, kò sì pẹ́ tó fi dé Northern Territory, níbi tí Darwin wà. Ibà á mú ajá, kò ní fẹ́ jẹun, á rù, imú rẹ̀ tilẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, pẹ̀lú bẹ́líìtì yẹn náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi ìka tú irun wọn wò: inú etí, abíyá, àárín ọmọ ìka, abẹ́ ìrù.

Wọn kì í jẹ́ kí ajá wọ Kakadu àti Litchfield, àwọn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò. A fi méjèèjì sílẹ̀. Ní ìlú Katherine, ọkọ mi lọ wo Nitmiluk, igbó ìjọba mìíràn, mo jókòó ti àwọn ajá. Ọjọ́ kejì, èmi náà lọ. Àwọn kan máa ń ti ajá mọ́ kárávàànì, wọ́n á tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀. N ò ní ṣe é láé. Tí iná bá lọ lẹ́yìn yín ńkọ́? Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára.

Katherine yìí náà ni Ṣọ́lé ti gbé ọ̀pọ̀lọ́ há ẹnu lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọdún 1935 ni wọ́n kó irú ọ̀pọ̀lọ́ olóró yìí (cane toad) wá sí Queensland pé kó máa jẹ kòkòrò inú oko ìrèké, ó sì ti tàn ká gbogbo àríwá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Ṣọ́lé, itọ́ ti ń hó lẹ́nu rẹ̀, erìgì rẹ̀ ti pọ́n. Mo fi aṣọ tútù nu erìgì, ahọ́n àti àjà ẹnu rẹ̀, mo fọ aṣọ náà, mo tún nu ún, léraléra. Ẹ má ṣe da omi sí ajá lọ́fun, torí ńṣe ló máa gbé májèlé náà mì. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí omi máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde. Lẹ́yìn náà la gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara rẹ̀ ti balẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ajá tó sọ̀ kalẹ̀ lókùnkùn láìsí okùn lọ́rùn àti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

Ní Timber Creek, odò Victoria rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nì ńláńlá ló wà níbẹ̀. Ẹran tó bá ń wá mumi lójú kan náà lójoojúmọ́ ni ọ̀nì máa ń ba dè. Omi inú táǹkì wa làwọn ajá mu, wọn ò sún mọ́ bèbè odò rárá.

Lẹ́bàá àwọn oko màlúù, ẹ máa ka pátákó tó wà lẹ́nu géètì. Wọ́n máa ń fi májèlé 1080 sínú ẹran kí dingo, ajá igbó ibẹ̀, lè jẹ ẹ́, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Gbogbo ibi tí a bá ti dúró lójú ọ̀nà la ti ń fi ìdínu sí wọn lẹ́nu.

Ní ẹnubodè Western Australia, wọ́n máa ń gba èso, ewébẹ̀ tútù àti oyin. Aago ibẹ̀ fi wákàtí kan àtààbọ̀ padà sẹ́yìn, èyí sì wù mí, torí pé ní Kununurra ilẹ̀ tètè ń mọ́. A máa ń rìn kí ọ̀dà títì tó gbóná. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo fi ń dán an wò: tí n kò bá lè gbé e síbẹ̀ títí màá fi ka ení dé àrùn-ún, ajá kò ní tẹ ibẹ̀.

Nígbà tí a dé Broome, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò fún ehrlichiosis kí a tó jẹ́ kí wọ́n sáré lórí iyanrìn etí òkun. Ara àwọn méjèèjì mọ́. Ó ní kí a má bọ́ bẹ́líìtì eégbọn yẹn, kí a sì tún ṣe àyẹ̀wò náà tí a bá padà délé, nítorí pé àrùn náà lè fara pa mọ́ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn doxycycline máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá tètè rí i.