Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Tí Mo Fi Jókòó Ti Àjọkẹ́ Nínú Ọkọ̀

Oṣù méjì lẹ́yìn tí Àjọkẹ́ pé ọmọ ọdún 18 ló gba láísẹ́ńsì. Inú mi dùn, àmọ́ àyà mi ń já. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí sitiárìn, ó mọ bíréékì. Ojú títì Ìbàdàn ni kò tíì mọ̀. Mo ní màá jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó dá wakọ̀ jáde.

Ó ní, “Dádì, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?”

Mo ní mo fọkàn tán an. Àwọn tó máa bá pàdé lójú títì ni n ò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la kọ́kọ́ ń jáde, láàárín Bódìjà àti Agodi, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀. Bẹ́líìtì lára, fóònù nínú búùtù. N kì í gbà kó fi í sórí ìjókòó, torí bó bá ti dún, ọwọ́ á fẹ́ lọ síbẹ̀.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé mo ní kó máa fẹnu sọ gbogbo ohun tó bá ń rí. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tó ti dé iwájú wa gan-an nìkan ló ń sọ. Mókọ́lá ló ti wá yé e. Micra kan dúró lójijì láti gbé èrò, kò tan tráfíkétọ̀. Díẹ̀ ló kù ká kọlù ú. Mo ní kó páàkì sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. N ò pariwo mọ́ ọn, mo kàn bi í pé kí ló rí kí Micra yẹn tó dúró. Ó ronú, ó ní, “Ìyá kan ti nawọ́.” Ìyá yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ dárúkọ.

Láti ọjọ́ náà la ti ń ka àlàfo. Bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá lára òpó iná, á ka “Olúwa mi ení, Olúwa mi èjì” kí tiwa tó dé ibẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, á kà á dé ẹ̀rin. Àwọn mìíràn máa ń já wọ àlàfo náà. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wọlé, kó tún kà á.

Ọ̀rọ̀ eré sísá, ẹsẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n fún un. Kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ní eré yẹn, ọkọ̀ á ti lọ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gbé ẹsẹ̀ gbòòrò 28 ní àdúgbò wa, láti géètì dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Mo pè é láti ibẹ̀ pé, “Bí o bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, o ti dijú wakọ̀ dé ibí.” Kò fèsì. Ó rìn ín fúnra rẹ̀, ó sì ń kà á.

Òru la fi parí rẹ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá tan iná ọkọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù sí i lójú, etí títì lápá ọ̀tún ló ń wò, á sì dín eré kù.

Mo tún ní kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rẹ́ kankan fún oṣù mẹ́ta. Ó dùn ún gan-an, àmọ́ n ò yí i padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ìdánrawò akọrin. Mo dúró sí géètì. Wíńdò ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe fẹ́ já sí títì: “Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ lápá òsì. Kò wò mí. Mo ń dúró dè é.”