Ẹ rẹ koríko sómi kí ẹ tó hun àgbélébùú Brigid

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ hun àgbélébùú Brigid, ìyẹn àgbélébùú koríko tí wọ́n fi ń rántí Brigid, obìnrin mímọ́ ilẹ̀ Írẹ́lándì, fún Imbolc, àjọ̀dún ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé níbẹ̀, lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì, ẹ má fi koríko gbígbẹ hun ún o. Koríko etí àbàtà tútù tí wọ́n ń lò ní Írẹ́lándì dára jù: bí ẹ bá ká a sí méjì, kò ní ṣẹ́. Bó bá jẹ́ pòròpórò àlìkámà lẹ ní, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Bí ẹ bá ti ká ọ̀kan mọ́ àárín, ẹ fà á le dáadáa kí ẹ tó yí àgbélébùú náà fún èyí tó kàn. Àmọ́ bó bá ti ń gbẹ ló máa ń súnkì, okùn tí ẹ fi so ẹnu apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì dẹ̀. Ẹ tún un dì kí ẹ tó gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà.