Bí Ìbomú Ẹ̀rọ CPAP Ṣe Lè Mọ́ Yín Lára

Ẹni tó bá ń hanrun kíkankíkan lóru, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, tó ń ta gìrì jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, tí ilẹ̀ bá wá mọ́ tí orí ń fọ́ ọ, tó ń tòògbé nídìí iṣẹ́ àti nínú ọkọ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ rí dókítà. Nílé wa, àwọn kan á ní oorun ló ń dùn mọ́ ọn. Àwọn mìíràn á ní ogun òru ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. Bí èèyàn bá sùn, ẹran ọ̀fun máa ń dẹ̀. Ti àwọn kan á dẹ̀ débi pé á dí ọ̀nà èémí pa. Ọpọlọ á wá ta èèyàn jí díẹ̀ kó lè mí. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà mọ́jú láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀.

Tí wọ́n bá ti yẹ oorun yín wò, wọ́n á fún yín ní nọ́ḿbà kan tí wọ́n ń pè ní AHI. Iye ìgbà tí èémí yín dúró tàbí tó dín kù gan-an láàárín wákàtí kan ni. Èyí tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10 ni wọ́n ń kà. Bí kò bá tó 5, kò sí ìyọnu. Láti 5 dé 15, ó ṣì fúyẹ́. Láti 15 dé 30, ó ti wà láàárín. Bó bá lé ní 30, ó ti le nìyẹn. Mo rọ̀ yín, ẹ mọ nọ́ḿbà tiyín, torí òun lẹ ó fi mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ CPAP ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí tirẹ̀ bá le. Dókítà Colin Sullivan àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1981. Kì í ṣe ọ́síjìn ló ń fẹ́ síni nímú. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ẹ̀rọ ń fà, á sẹ́ ẹ, á fi agbára díẹ̀ tì í gba inú páìpù wọ inú ìbomú. Afẹ́fẹ́ yìí ló máa ń jẹ́ kí ọ̀fun ṣí sílẹ̀, bí omi ṣe ń mú kí họ́ọ̀sì tó ti rọ̀ pẹlẹbẹ dìde.

Ibi tí wàhálà wà ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo imú sùn mọ́jú, lójoojúmọ́. Ìbomú ń fún ojú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ẹyinjú, ọ̀fun ń gbẹ, àyà ń já. Láìpẹ́, ẹ̀rọ á di ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè sọ pé kò bá yín lára mu. Ohun kan pàtó ló ń yọ yín lẹ́nu. Ohun náà ni kí ẹ wá rí, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní àtúnṣe.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ọ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá ni pé òru ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ délé gan-an ni wọ́n fẹ́ fi sùn mọ́jú. Ara kò mọ̀ ọ́n rí. Bí nǹkan bá ṣàdédé bo imú nínú òkùnkùn, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ẹ lo ọ̀sán.

Ẹ jókòó sórí àga, ẹ má tíì so páìpù mọ́ ìbomú. Ẹ fi ọwọ́ dì í mú síwájú imú, ẹ má fi okùn rẹ̀ kọ́ orí. Ẹ máa mí wọlé, kí ẹ máa mí jáde, jẹ́jẹ́. Ìgbà tó bá sú yín, ẹ gbé e kúrò. Ọwọ́ yín ló wà. Kò sẹ́ni tó dè yín mọ́ ọn. Tí èyí bá ti rọrùn, ẹ so páìpù mọ́ ọn, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ ṣì máa fi ọwọ́ dì í mú kí ẹ lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Ẹ wá kọ́ okùn rẹ̀, kí ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n tàbí kí ẹ máa gbọ́ rédíò fún bíi ìṣẹ́jú 20. Ó kàn kí ẹ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó kàn kí ẹ fi sun oorun ọ̀sán. Òru ló kẹ́yìn.

Ẹ má fo ìpele kankan nígbà tí àyà yín ṣì ń já. Ẹlòmíràn á parí gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ méjì, ẹlòmíràn á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò burú. Ẹni tí kò bá lè fara da ohunkóhun tó bo ojú rẹ̀ rárá, kó sọ fún dókítà. Ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ìbomú tó bá ojú yín mu

Bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí ẹ máa fi ọkàn sí jù, ibí ni. Oríṣi ìbomú mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń bo imú nìkan. Ọ̀kan kéré gan-an, ẹnu ihò imú méjèèjì ló ń jókòó sí, kò kan igi imú rárá; ó dára fún ẹni tí ìbomú ńlá ń bà lẹ́rù àti ẹni tó fẹ́ wọ awò ojú kàwé kó tó sùn. Ẹ̀kẹta ń bo imú àti ẹnu pọ̀, ti ẹni tó ń fi ẹnu mí nìyẹn. Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba: kékeré wà, ti àárín wà, ńlá wà, àwọn kan sì ní èyí tó fẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni imú wa fẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó há rán yín lọ sílé. Tí ó bá ń dùn yín, ẹ padà lọ, kí ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ojú, kí ẹ nu ún gbẹ. Ẹni tó bá ń fi òrí tàbí ìpara pa ojú kó tó sùn, kó fo ibi tí rọ́bà máa bà. Òróró ló ń mú kí rọ́bà máa yọ̀, tí afẹ́fẹ́ á fi máa jò, òun náà ló ń tètè ba rọ́bà jẹ́. Ẹ tan ẹ̀rọ. Ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń sùn gan-an, torí ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń sún kúrò láyè rẹ̀ tí èèyàn bá ti fi orí lé ìrọ̀rí. Ìbomú tó jókòó dáadáa lórí àga lè má jókòó dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fa okùn, ọ̀tún àti òsì pa pọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ariwo afẹ́fẹ́ tó ń jò á fi dákẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka kan yẹ kó lè wọ abẹ́ okùn náà. Tí ó bá ṣì ń jò, ẹ gbé ìbomú kúrò lójú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kún inú rọ́bà rẹ̀, kí ẹ tún jẹ́ kó padà jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbọ́ tí ariwo á dákẹ́.

Ẹni tó bá kàn ń fa okùn le ni awọ rẹ̀ ń bó níbi igi imú, afẹ́fẹ́ á sì tún máa jò. Bí ojú bá ti bó, ẹ sọ fún wọn kó tó di egbò.

Ihò wẹ́wẹ́ kan wà lára ìbomú tí ẹ máa gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, èémí tí ẹ ti lò ló ń gbé jáde. Ẹ má fi nǹkan kan dí i.

Ẹ̀yin tí ẹ di irun, ẹ wọ ìbomú kí ẹ tó dé bónẹ́ẹ̀tì lé e, torí okùn máa ń yọ̀ lórí aṣọ sátínì. Ẹni tó ní irùngbọ̀n tó kún, ìbomú kékeré ti ihò imú ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, kò ní sídìí pé kó fá a. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀: àwọn ìbomú kan ní òòfà níbi tí okùn ti ń so mọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ pacemaker, èyí tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé, sí ẹ̀yin tàbí ẹni tí ẹ jọ ń sùn láyà, tàbí tí irin kan wà lára yín látinú iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ kí wọ́n tó yan ìbomú fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Afẹ́fẹ́ tó le, ọ̀fun tó gbẹ, imú tó dí

Dókítà ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa le tó. Láàárín 4 àti 20 cmH2O, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́, ni ó sábà máa ń wà lára ẹ̀rọ. Ẹ má fọwọ́ ara yín yí i. Ohun tí ẹ lè lò ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní ramp: afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa lọ sókè bí oorun ṣe ń gbé yín lọ. Bí mímí jáde bá ṣòro, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ yín lè dín agbára kù nígbà tí ẹ bá ń mí jáde. Ọ̀pọ̀ wọn lè ṣe é. Tí inú yín bá ń wú láàárọ̀, tí ẹ ń gùnfẹ̀ ṣáá, afẹ́fẹ́ lẹ gbé mì. Ẹ gbé orí sókè díẹ̀ sùn, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà mọ̀, ó lè fẹ́ tún agbára afẹ́fẹ́ náà wò.

Ọ̀fun tó gbẹ máa ń wá nítorí pé ẹnu ń là lójú oorun. Ìbomú tó bo imú àti ẹnu lè yanjú rẹ̀, tàbí okùn tó ń gbá àgbọ̀n mú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tún ní ike omi tó ń gbóná díẹ̀, tó ń mú kí afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin. Nígbà ọyẹ́, ẹ ó mọyì rẹ̀. Omi distilled, èyí tí wọ́n ti yọ ìdọ̀tí àti iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ni kí ẹ lò; bí kò bá sí, ẹ se omi, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra omi bátìrì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, torí ásíìdì lè wà nínú rẹ̀. Bí omi bá ń kán sí yín nímú lóru, yàrá ló tutù ju páìpù lọ: ẹ dín gbígbóná ike omi kù, tàbí kí ẹ fi aṣọ wé páìpù.

Bí ọ̀fìnkìn bá dí imú, omi iyọ̀ tí wọ́n ń fín símú wà ní kẹ́míìsì. Ẹ má fi oògùn tó ń tètè la imú ṣe ohun ojoojúmọ́. Tí ẹ bá ń lò ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Iná

Ní Nàìjíríà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Gbígbóná omi ló ń jẹ iná jù nínú ẹ̀rọ náà. Tí ẹ bá pa á, inverter kékeré tàbí bátìrì tó tó ẹ̀rọ náà lè gbé e mọ́jú. Ẹni tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ gbé e jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Èéfín rẹ̀ ń pààyàn, asẹ́ tó wà lára CPAP kò sì lè dá a dúró. Tààrà ló máa fà á wọ inú yín.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá mú iná lọ lójú oorun, àwọn á kú sínú ìbomú. Ìbomú tó bo imú àti ẹnu ní fáàfù tó máa ń ṣí fún afẹ́fẹ́ yàrá tí ẹ̀rọ bá kú. Èyí tó wà ní imú nìkan, ẹ lè la ẹnu mí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fífọ̀ rẹ̀

Láràárọ̀, ẹ da omi ike nù, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ta fọ rọ́bà ìbomú. Páìpù àti okùn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sá wọn sí ibòji. Ẹ má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ozone fọ CPAP, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ máa yẹ asẹ́ wò, pàápàá nígbà eruku. Tó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips kéde pé kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CPAP wọn padà, nítorí fóòmù inú rẹ̀ lè jẹrà kí wọ́n sì máa fà á símú. Ẹ wo orúkọ àti nọ́ḿbà ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ máa wo nọ́ḿbà

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ wákàtí tí ẹ fi lò ó, bí afẹ́fẹ́ ṣe jò, àti AHI yín. Ohun tí a ń wá ni kí AHI yẹn wá sísàlẹ̀ 5. Tí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ẹ ti yọ ìbomú lójú oorun, ẹ wọ̀ ọ́ padà, kí ẹ sì wo bóyá ó ń jò ní àsìkò yẹn. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ń béèrè pé kí èèyàn lò ó fún wákàtí 4 ó kéré tán, ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún òru láàárín ọjọ́ 30, nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹ má fi wákàtí 4 ṣe òpin: ẹ wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sùn, àti oorun ọ̀sán pẹ̀lú. Ẹ gbé e dání tí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ má fi sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Tí ẹ bá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó máa fún yín ní oògùn oorun pé ẹ ní àìsàn yìí.

Bí ẹ bá ti ń lò ó dáadáa tí oorun ṣì ń kùn yín lọ́sàn-án, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí àìsàn yìí bá ń mú tòògbé kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, ó sì lè di dandan kó sọ fún DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbìyànjú gbogbo èyí tí ìbomú kò gbà, ẹ béèrè nípa àwọn ìtọ́jú mìíràn: ike tí wọ́n ń fi sẹ́nu tó ń fa àgbọ̀n síwájú, fífi ẹ̀gbẹ́ sùn, dídín ọtí kù, dídín ara kù fún ẹni tó sanra. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, FDA fọwọ́ sí oògùn Zepbound, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara fọn, fún àgbàlagbà tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí sleep apnea rẹ̀ sì wà láàárín tàbí tó le. Ẹ má kàn gbé ẹ̀rọ pa mọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mú un dání lọ bá dókítà, kí ó lè rí àkọsílẹ̀ òru yín fúnra rẹ̀.