Bí mo ṣe to orin píánò mi: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣíwájú

Ẹ ṣí fódà orin píánò lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, orúkọ àwọn tó kọ orin, bíi Bach, Beethoven àti Chopin, lẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú tipẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń ká ohùn sílẹ̀ tó dáyé. Ẹni tí ìka rẹ̀ wà lórí píánò gan-an, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, bí wọ́n bá rántí kọ ọ́. Mo wá yí tèmi padà: orúkọ atẹpíánò ló ṣíwájú, ọdún tí wọ́n ká a sílẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n ti ká a, kí orúkọ orin tó wá dé.

Glenn Gould, atẹpíánò ọmọ Kánádà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́ mi pé ọdún ṣe pàtàkì tó orúkọ. Ó tẹ Goldberg Variations ti Bach ní 1955, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 22. Ó tún un tẹ̀ ní 1981, nígbà tó ku ọdún kan péré kó kú, nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan náà ní New York, ilé tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan rí. Ti àkọ́kọ́ kò pé ìṣẹ́jú 39; èkejì lé ní 51. Ẹ má wulẹ̀ fi ohùn tó ń kùn lábẹ́ orin dá wọn mọ̀, torí kò sí èyí tí ọkùnrin yìí kò ti kùn. Aago ni kí ẹ wò. Aria tó fi ṣí orin náà ní 1955 kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ti 1981 lé ní mẹ́ta. Ọ̀kan ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, èkejì ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Èmi, ti 1981 ni mo máa ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún yìí ló gba àkókò jù. Ọdún tó wà lẹ́yìn àwo, níwájú àmì ℗, ọdún tí wọ́n gbé e jáde ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ká a sílẹ̀. Atẹpíánò Artur Schnabel ló kọ́kọ́ ká gbogbo sònátà (orin alápá púpọ̀) 32 ti Beethoven sílẹ̀, ní London, láàárín 1932 sí 1935, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ jáde ni kọ̀ǹpútà ń gbé wá fún mi. Inú ìwé kékeré tó bá àwo wá, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù, ni mo ti ń rí òtítọ́. Ojú kan àwo ìgbà yẹn kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ, nítorí náà bí orin tó falẹ̀ bá ṣàdédé dánu dúró, ojú àwo ló tán.

Níbi tí kò bá sí ìwé, etí ló kù. Arthur Rubinstein ká àwọn orin jẹ́jẹ́ Chopin tí wọ́n ń pè ní Nocturne sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ní 1936 sí 1937, ní 1949 sí 1950, àti láàárín 1965 sí 1967. Ti àkọ́kọ́ ń ta pẹ́pẹ́. Ti ìkẹta nìkan ni píánò rẹ̀ ti tẹ́ láti etí kan dé èkejì.

Ti Dinu Lipatti rọrùn, kíkà ni. Ó ká orin ijó Chopin mẹ́rìnlá tí wọ́n ń pè ní Waltz sílẹ̀ ní Geneva ní July 1950. Nígbà tó máa fi dé orí ìtàgé ní Besançon, nílẹ̀ Faransé, ní September 16, àìsàn ti mú un gan-an. Ó tẹ 13 nínú wọn, agbára rẹ̀ sì pin. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kú, ẹni ọdún 33. Tí ẹ bá ka 13, Besançon ni.

Sviatoslav Richter ní Sofia, 1958, níwájú èrò: ikọ́ àwọn èrò náà pọ̀ níbẹ̀. Mi ò fi ẹ̀rọ kankan yọ ọ́, torí bó bá lọ, á mú lára ohùn píánò dání.

Mo wá wo àwọn fáìlì tí orúkọ wọn yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí gígùn wọn bára mu. Ìdí wà fún un. Ní 2007 ni àṣírí tú pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ló wà nínú àwọn àwo tí wọ́n ń tà lórúkọ Joyce Hatto, atẹpíánò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 2006. Ẹnìkan ki àwo rẹ̀ tó ní orin tí Liszt kọ bọ kọ̀ǹpútà, orúkọ atẹpíánò mìíràn, László Simon, ló jáde. Ọkọ Hatto, tó ń ta àwọn àwo náà, jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ yí eré àwọn orin kan padà kí aago má baà tú wọn fó, nítorí náà mo gbọ́ fáìlì méjì-méjì pọ̀, mò ń fetí sí ibi tí ọwọ́ ti ṣi àti ibi tí wọ́n ti mí. Èyí tó jẹ́ ọ̀kan náà, mo pa ẹ̀dà kan rẹ́. Èyí tí mi ò mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, mo kọ “a kò mọ̀” sí i níwájú, mo sì gbé e lọ sí fódà tirẹ̀.