Bí A Ṣe Ń Dá Ejò Tí A Kò Mọ̀ Mọ̀ Lóko Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ejò àjèjì nínú oko, ẹ rọra fi ẹ̀yìn rìn títí àlàfo yóò fi ju mítà 3 lọ, nítorí ṣèbé mìíràn a máa tu oró sí ojú ènìyàn láti òkèèrè, kí ẹ tó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ọká kúrú, ó sanra, ìrù rẹ̀ kò gùn, ó sì máa ń dùbúlẹ̀ láìmira láàárín ewé gbígbẹ. Ṣèbé ní tirẹ̀ a máa gbé ọrùn sókè, a sì fẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní ejò olórí fífẹ̀ nìkan ló lóró; èmi kò gbà, nítorí orí ṣèbé kò fẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan òkú ejò pàápàá: orí tí a gé ṣì lè buni jẹ.